Ẹni Tó Ni Sàráà

“Omi nìkan,” ni Afusat wí. “Tó bá sì ti di aago méje àárọ̀ ọ̀la, omi náà tán. Ihsan, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Mọ́mì.”

“Tún un sọ.”

“Kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan. Kò gbọ́dọ̀ mu wàrà. Omi nìkan. Tó bá di aago méje, omi náà tán.”

“Ó dáa. Lọ pọn omi wá.”

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò gbé Muqtadir lọ sí Ìkòyí, kí wọ́n lè ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sàn nínú ọpọlọ rẹ̀.

Muqtadir jẹ́ ọmọ ọdún méje. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò ké bọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Láàárín àkókò kékeré yẹn, ọpọlọ rẹ̀ fara pa. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti le bí igi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká mọ́ àyà. Kò lè jókòó fúnra rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Ihsan bá ti ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, tó kí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, Muqtadir yóò ti máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Dókítà Ọláníyì ló ń ṣe ìwádìí nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá ló mú, Muqtadir sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oògùn tó ń lò ń ti òkè òkun wá, kì í sì í dúró. Èyí tí wọ́n bá pò láàárọ̀ ti kú nígbà tó bá fi máa di alẹ́. Ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, ó di oṣù mẹ́ta.

Ihsan gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Agbo ilé wọn ní Ìdúmàgbò tóbi, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn ń lò. Sùrájù tó ń tún fáànù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ti jókòó síbẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀.

“Ihsan, wọ́n ní ẹ fẹ́ gbé Muqi lọ ya fọ́tò.”

“Àyẹ̀wò ni.”

“Fọ́tò orí. Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀. Wọ́n á gún un ní oògùn kan, á lọ máa tàn bí iná nínú ọpọlọ ẹ̀. Tó bá wá tàn tán, ta ló fẹ́ lọ pa á?”

Àwọn tó ń pọn omi rẹ́rìn-ín.

“Bùrọ̀dá Sùrájù, ẹ lọ tún fáànù Ìyá Àlàó ṣe. Ó ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ yín. Ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá yẹn.”

Ẹ̀rín náà wá yí padà sórí Sùrájù. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

“Ó dáa,” ló wí. “Ṣùgbọ́n orí tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ yà níbẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ihsan gbé korobá rẹ̀. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀ títí ó fi dé yàrá.

Kò sùn dáadáa. Ohun méjì ló ń bà á lẹ́rù. Èkíní ni pé kí àbúrò rẹ̀ má kú sínú ẹ̀rọ. Èkejì kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni: bí wọ́n bá yàwòrán náà, tí wọn kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n ti ń kírun Àsùbá tán, òórùn òróró gbígbóná ti gba gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà ń dín mọ́sà. Àlímọ̀t ni orúkọ rẹ̀, òun ló bí bàbá Ihsan. Bàbá náà wà lórí omi, lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ló ń dúró fún un nílé.

Mọ́sà náà pupa, ó rí roboto, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n inú rẹ̀ ń ta sánsán. Sàráà Muqtadir ni. Àwọn ọmọ agbo ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ wọn. Ààfáà jókòó lórí ẹní, ó ṣàdúà.

“Kí Ọlọ́run mú un lọ ní àlàáfíà.”

“Àmín.”

“Kó mú un bọ̀ ní àlàáfíà.”

“Àmín.”

Ìyá àgbà mú mọ́sà àkọ́kọ́, ó fi í sínú abọ́ kékeré kan.

“Ó yá. Ẹ gbé ẹni tó ni sàráà wá, kó tọ́ ọ wò.”

Afusat kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹun.”

“Kí ló fẹ́ jẹ? Ìdajì mọ́sà?”

“Tó bá dé, Màmá. Ẹ bá a fi tiẹ̀ pamọ́.”

Ìyá àgbà wo ààfáà. Ààfáà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá, sàráà tó ti jáde lọ́wọ́ yín ti dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ máa pín in.”

Ìyá àgbà pín in. Ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní èyí tó wà nínú abọ́ kékeré. Nígbà tí ààfáà lọ, tí Afusat wọ balùwẹ̀, ó gbé abọ́ náà wá sí yàrá. Ihsan ti wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí ó ní ìdánwò lọ́sàn-án. Ó jókòó ti Muqtadir lórí ẹní.

“N kò ní kó o fún un,” ni Ìyá àgbà wí. “Ìyá ẹ ti sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀ ni.”

Ó gbé abọ́ náà sórí àpótí.

“Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bàbá rẹ ní àbúrò kan. Ashraf. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo dín mọ́sà. Ojú ń kán mi. Mo pín in fún gbogbo ilé, mo gbàgbé láti fi kàn án lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀.”

Ó fi etí aṣọ nu ẹnu abọ́ náà.

“Kò padà wá.”

Ó jáde. Abọ́ náà kù lórí àpótí.

Muqtadir ti gbóòórùn mọ́sà. Ó yí ojú síbẹ̀, ó la ẹnu. Nígbà tí kò rí nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó máa ń há sí i lọ́fun ni, ara rẹ̀ yóò sì le gan-an. Ihsan gbé e mọ́ra. Ó fún un ní omi. Muqtadir tu omi náà dànù.

Ihsan wo abọ́. Ó wo ilẹ̀kùn. Dókítà ní kó má jẹun. Ṣùgbọ́n dókítà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ashraf juwọ́. Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bí Muqtadir bá lọ tí kò padà wá ńkọ́? Ta ni yóò gbé ẹ̀bi náà? Ìdajì mọ́sà ni. Kí ni ìdajì mọ́sà lè ṣe fún èèyàn?

Ó bu mọ́sà náà sí méjì. Ó rún ìdajì mọ́ wàrà díẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù. Ó ní “Bísímílááhì”. Ó fún un ní ṣíbí kan. Ó fún un ní èkejì. Muqtadir ń gbé e mì pẹ̀lú ìpọ́njú, bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní gbogbo rẹ̀ tán. Fóònù tó wà lórí àpótí ń fi aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú hàn.

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó fọ ṣíbí. Ó ju ìdajì tó kù sẹ́nu ara rẹ̀, kí abọ́ lè ṣófo.

Afusat wọlé, omi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ó ti dákẹ́?”

“Ó ti dákẹ́.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Bí kò bá sí ìwọ ni, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.”

Ihsan gbé abọ́ ṣíṣófo náà jáde.

Takisí kan gbé wọn ní Adéníji Adélé. Àwọn ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀ wọn ni. Muqtadir sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Ihsan ń wo ẹnu rẹ̀, bóyá nǹkan kù níbẹ̀.

Ibùdó àyẹ̀wò náà tutù, ó sì mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tèmilọlá wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

“Ṣé ó ti jẹ nǹkan kan láti àná?”

“Omi nìkan, kó tó di aago méje,” ni Afusat wí. “Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ la ṣọ́ ọ.”

Nọ́ọ̀sì wo Ihsan. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí wa kékeré?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ihsan rí i bí bírò náà ṣe ń lọ lórí ìwé. Ìbéèrè náà kò gùn, ìdáhùn rẹ̀ náà kò gùn. Ó ti parọ́.

Ìyá kan jókòó sí òdìkejì wọn pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Dárasími. Olúfúnkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, ọmọ Iléṣà ni, ó ń ta bàtà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ebi yìí ńkọ́? Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka mi jẹ láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ̀rọ yín kì í fẹ́ràn ẹni tó yó ni?”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, Mà. Ọ̀rọ̀ oorun ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ wa yìí, iṣan wọn kì í gbà fún wọn. Ìyẹn la ṣe ń fún wọn ní oògùn oorun. Ṣùgbọ́n oorun yẹn kì í ṣe irú oorun tí ẹ mọ̀. Ọ̀fun náà máa ń sùn. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá, kó yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ náà ò ní lè húkọ́. Ó lè gba ibẹ̀ lọ.”

“Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.”

“Ìdí nìyẹn tá a fi ń béèrè lọ́wọ́ yín, tá a tún ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé yín.”

Ara Ihsan tutù. Ó fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ti ní “Bẹ́ẹ̀ ni”. Bí ó bá yí i padà, oògùn á kú, ó di oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ yóò mọ̀. Nígbà tó ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n pe orúkọ Muqtadir.

Yàrá kékeré ni wọ́n gbé e lọ. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Obìnrin kúkúrú ni Dókítà Ọláníyì, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Màmá Muqtadir, abẹ́rẹ́ méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ni oògùn àwòrán. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ nínú ọpọlọ ni yóò bá a lọ, yóò sì dúró síbẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé dáadáa, òun náà kò ní dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ rí nìyẹn. Nígbà tó bá yá, màá wá fún un ní èkejì, oògùn oorun.”

“Ẹ ṣeun, Dókítà.”

“Ohun kan ló kù. Bí mo bá ti fún un tán, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí màá fi padà dé. Bó bá gbọ́ ariwo, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí ibi tó ń gbọ́ràn nínú ọpọlọ rẹ̀. Mo fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó bá fọkàn balẹ̀.”

Ó fún un ní abẹ́rẹ́ náà. Ó jáde. Ilẹ̀kùn padé láìdún.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Afusat jókòó lápá ọ̀tún, ó ń fi àtàǹpàkò ti tẹ̀sùbáà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihsan jókòó lápá òsì. Muqtadir dùbúlẹ̀ láàárín wọn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òkè.

Ihsan ń wo ọ̀fun àbúrò rẹ̀. Ọ̀fun náà ń lọ sókè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ní àkókò kan, ikùn Muqtadir kùn. Ohùn kékeré ni. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó dà bíi pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Afusat gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ihsan. Ebi ló rò pé ó ń kùn.

Ihsan fẹ́ pariwo. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Bóyá mọ́sà náà ti dà nínú ikùn. Bóyá ìdajì kò tó nǹkan. Bóyá Ọlọ́run yóò wo ti sàráà. Ó ka gbogbo bóyá wọ̀nyí nínú ọkàn rẹ̀, wọn kò tó gbé ara lé. Ó rántí pé kò sẹ́ni tó rí òun. Abọ́ ti ṣófo, ṣíbí ti mọ́. Bí Muqtadir bá kú lórí ibùsùn yìí, wọn yóò ní ẹ̀rọ ló pa á. Sùrájù yóò ní òun ti sọ ọ́. Ìyá àgbà yóò ní nítorí pé kò tọ́ sàráà wò ni. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, àfi òun.

Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà wọlé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Sírínjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn inú rẹ̀ funfun bíi wàrà.

“Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ṣe dáadáa. Màmá, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tó sùn.”

Afusat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Dókítà.”

Kò sẹ́ni tó gbọ́ Ihsan. Ó tún un pè.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó jẹun.”

Ọwọ́ dókítà dúró.

“Kí ló jẹ?”

“Mọ́sà. Ìdajì. Pẹ̀lú wàrà.”

“Aago mélòó?”

“Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú.”

Afusat ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. “Ta ló fún un?”

“Èmi ni, Mọ́mì.”

“Ihsan?”

“Èmi ni.”

Afusat gbé ọwọ́ sókè. Ihsan dúró dè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò bọ̀. Afusat fi bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì jókòó.

Dókítà fún nọ́ọ̀sì ní sírínjì náà. Kò pariwo. “Ẹ gbé e jáde. Oògùn àwòrán ti wà lára rẹ̀, ó sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Aago méjìlá ààbọ̀ ni ikùn rẹ̀ tó lè mọ́. Bí agbára oògùn bá ṣẹ́ kù nígbà náà, a ó gbìyànjú. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ó tán nìyẹn. Ẹ pe Dárasími.”

Wọ́n padà síta. Olúfúnkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ kọjá. Ó wo ojú wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà kò rí nǹkan sọ.

Afusat gbé Muqtadir lé Ihsan lẹ́sẹ̀. Ó lọ jókòó sórí àga tó jìnnà. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Aago ara ògiri ń lọ, Ihsan sì ń rí oògùn náà lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe ń kú.

Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ara Muqtadir le lójijì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kí Ihsan tó ṣe nǹkan kan, ó bì.

Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó tún bì. Ihsan yára dà á sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Muqtadir húkọ́. Ó húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ké. Mọ́sà wà lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ Ihsan, pupa lórí funfun. Kò tíì dà rárá.

Nọ́ọ̀sì sáré wá. Dókítà náà jáde. Ó gbé etí lé àyà ọmọ náà, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí kàn án níwájú àti lẹ́yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ohun tó wà lára aṣọ Ihsan.

“Ó húkọ́,” ló wí. “Nítorí pé kò sùn.”

Afusat ti dìde. Ó ń wo mọ́sà náà.

“Ti òní tán, Màmá,” ni Dókítà wí. “Ọmọ tó bì báyìí, mi ò lè fún un ní oorun. Ó di oṣù mẹ́ta.”

Nínú takisí, Afusat fi ọwọ́ lé àyà Muqtadir. Ọwọ́ náà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú èémí ọmọ náà. Wọ́n ti dé Adéníji Adélé kó tó la ẹnu.

“O parọ́ fún nọ́ọ̀sì lójú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

“Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ láàárọ̀.”

Ihsan sunkún.

“Ọwọ́ mi ni wọ́n ní kí n fi dì í mú, kó tó sùn,” ni Afusat wí. “Ọwọ́ èmi yìí.”

Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí wọ́n fi délé.

Ìyá àgbà ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé ẹní síta. Ihsan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dọ̀tí náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ pé Ìyá àgbà ló rán òun. Ó ní òun ni òun ṣe é.

Arúgbó náà fi ọwọ́ kan mọ́sà tó gbẹ mọ́ aṣọ náà.

“Èmi ni mo gbé e sílẹ̀ fún ẹ,” ló wí. “Mo ní n kò ní kó o fún un. Ṣùgbọ́n mo gbé e sílẹ̀.”

“Ìyá àgbà...”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ pé èmi ni mo pa Ashraf. Mọ́sà kan tí mo gbàgbé. N kò bi dókítà kankan léèrè ohun tó pa ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè.” Ó gbójú sókè sí Afusat. “Ìyàwó mi, má bínú.”

Afusat kúnlẹ̀ tì í.

Wọ́n kò na Ihsan. Ìyà tó jẹ ẹ́ yàtọ̀. Fún gbogbo oṣù mẹ́ta náà, ìyá rẹ̀ kò fi Ihsan nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú Muqtadir mọ́. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, Afusat yóò gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Muqtadir yóò máa wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri pẹ̀lú ojú. Ihsan yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ìdánwò ọjọ́ náà nù pẹ̀lú. Ìyẹn kò dùn ún tó ti ṣíbí.

Oṣù mẹ́ta pé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Afusat ń ṣa aṣọ jọ. Kò wo ẹ̀yìn nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ihsan. Ìwọ ni kó o ṣọ́ ọ mọ́jú.”

Ihsan lọ jókòó ti Muqtadir.

Láàárọ̀, kò sí òórùn òróró nínú àgbàlá. Ìyá àgbà ní ó di ìgbà tí wọ́n bá dé. Ebi pa Muqtadir, ó sunkún. Ihsan gbé e rìn láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀rù ń bà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ kó máa bà á.

Nọ́ọ̀sì Tèmilọlá mú ìwé dání. “Ṣé ó ti jẹ nǹkan kan?”

“Ẹ bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀,” ni Afusat wí. “Òun ló mọ̀.”

“Omi nìkan, Mà,” ni Ihsan wí. “Aago mẹ́fà àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan kan.”

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n fún un ní èkejì, ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń ká sì tú sílẹ̀. Wọ́n gbé e wọnú ẹ̀rọ. Ihsan dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àyà àbúrò rẹ̀. Àyà náà ń gòkè. Ó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí Muqtadir jí, ó wá ojú Ihsan, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, Dókítà Ọláníyì fi àwòrán náà hàn wọ́n. Àwọ̀ ló kún inú rẹ̀: pupa, òféèfèé, àwọ̀ ewé. Lápá òsì, ibì kan wà tó ṣókùnkùn.

“Ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ rí ìdí tí ọwọ́ yẹn fi ká. N kò lè ṣèlérí pé yóò rìn. Ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ibi tó kù ńkọ́, Dókítà?” ni Ihsan bi í. “Ibi tó pupa yìí?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ń sàn.”

Ihsan fi ìka rìn lórí ìwé àwòrán náà. Ibi tó ṣókùnkùn kò ju orí ìka kan lọ. Gbogbo ìyókù ló kún.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdúmàgbò, Sùrájù ń tú fáànù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Muqtadir, ó wo ilẹ̀.

“Ó lọ dáadáa, àbí?” ló béèrè. “Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?”

Ihsan na ìwé náà sí i. Sùrájù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó gbà á. Ó wò ó pẹ́.

“Gbogbo èyí?” ló wí.

“Gbogbo ẹ̀.”

Ìyá àgbà ti gbé òróró kaná. Wọ́n jẹ́ kí mọ́sà àkọ́kọ́ tutù díẹ̀, kó lè rọ̀. Ìyá àgbà gbé abọ́ náà fún Afusat. Afusat gbé e fún Ihsan, pẹ̀lú ṣíbí.

Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí èèyàn bá gbé pamọ́ yóò wá irọ́ ṣe alábàárìn, irọ́ náà a sì máa wá ẹni tí yóò pa. Bí o bá ti ṣe àṣìṣe, tètè sọ ọ́, bó bá tilẹ̀ máa ba ohun tí o ti ń retí jẹ́. Oṣù mẹ́ta yóò pé. Ẹni tó bá ti kú kì í padà wá.

Ihsan ní “Bísímílááhì”. Muqtadir la ẹnu.